Àpẹ́ńdíìsì Mi àti Ìwé Owó Tí Wọn Kò Fẹ́ Kí N Kà

Mo ń kọ ìbéèrè kẹta sójú pátákó ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni tí mo ti ń kọ́ni ní Ìgàndò, nígbà tí nǹkan kan ká kò ní àyíká ìdodo mi. Kì í ṣe ìrora tó mú bí abẹ. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ènìyàn so okùn mọ́ mi nínú, tó ń fà á, tó ń dẹ̀ ẹ́, tó tún ń fà á. Mo fi ọwọ́ kan di tábìlì mú. Àwọn ọmọ rò pé mo ń ronú ìbéèrè kẹrin ni.

"Ọ̀gá, ẹ ò tíì jẹun láti àárọ̀, àbí? Ọ́sà nìyẹn, jàre," ni alábàáṣiṣẹ́ mi kan wí nígbà tí mo padà sí yàrá àwọn olùkọ́. Lọ́dọ̀ tiwa ní Alímọ̀ṣọ́, orúkọ méjì péré ni inú rírun ní: bí kò bá jẹ́ ọ́sà, jẹ̀dí ni. Èmi tí mo kàwé dé yunifásítì, èmi tí mo máa ń bá àwọn òbí jà nítorí oògùn àìmọ̀, mo ra oògùn ọ́sà ní kẹ́míìsì. Nígbà tí ìyẹn kò ṣiṣẹ́, mo mu ife àgbo jẹ̀dí kan. Mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ kí ẹni tó ń ka ìwé yìí má baà dán irú rẹ̀ wò. Dókítà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nínú ohun gbogbo tí mo lè mu lọ́jọ́ náà, ohun tó ń mú ni yàgbẹ́ ló léwu jù.

Ní ọjọ́ kejì, ìrora náà ṣí kúrò ní ìdodo, ó lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún. Ara mi gbóná. Mo bì. Ìyàwó mi Ṣìkírátù, tó ń ránṣọ ní Egan, ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì fi márúwá gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ọ̀nà Ẹgbẹ́dá. Gbogbo kòtò tó wà lójú ọ̀nà náà ni inú mi kà.

Dókítà tẹ ikùn mi, ó sì gbọ́wọ́ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ìgbà wo ló dùn yín jù? Ìgbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ni àbí ìgbà tí mo gbọ́wọ́?"

"Ìgbà tẹ́ ẹ gbọ́wọ́ ni," ni mo wí, bí omi ti ń dà lójú mi.

Àpẹ́ńdíìsì ni ìfun ṣóńṣó kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun ńlá. Bí ẹnu rẹ̀ bá dí, yóò wú, ọyún yóò sì kún inú rẹ̀. Bí a kò bá tètè gé e, ó lè bẹ́, kí ọyún náà tú ká inú ikùn. Tèmi ti bẹ́ kí wọ́n tó là mí. Wọ́n gé e, wọ́n fi omi oògùn fọ inú mi, wọ́n sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ mi kí ìdọ̀tí tó kù lè máa ṣàn jáde.

Fún ọjọ́ mẹ́ta, omi tí wọ́n ń fà sí mi lára ni oúnjẹ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni nọ́ọ̀sì ń bi mí láàárọ̀ àti lálẹ́: "Bàbá, ṣé ẹ ti só?" Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Àṣé lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, ìfun a máa sùn, àfẹ́fẹ́ tó bá jáde ni ẹ̀rí pé ó ti jí, ìgbà náà ni aláìsàn tó lè jẹun. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, Ṣìkírátù pàtẹ́wọ́ fún mi bí ẹni pé mo gboyè tuntun.

Lẹ́yìn òru márùn-ún, dókítà ní kí n máa lọ sílé. Ibẹ̀ ni àìsàn kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Kí wọ́n tó là mí, ₦300,000 ni wọ́n pe iṣẹ́ abẹ náà, a sì ti san ₦150,000. Dókítà ti sọ fún ìyàwó mi pé fífọ inú yóò fi ₦80,000 kún un. A mọ̀ pé owó bẹ́ẹ̀dì àti ti oògùn yóò wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n fún wa kò ju ìlà kan lọ: iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú, ₦640,000. Ìyẹn ni pé ₦490,000 ló kù. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò ju ₦200,000 lọ, àjọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ Ṣìkírátù gbà kó gbé ṣáájú àsìkò sì wà nínú rẹ̀.

Wọn kò jẹ́ kí n lọ. Mo di ikùn mú, mo rìn dé ẹnu géètì. Ojú ti ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ jù mí lọ. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé mi níṣẹ́. Wọ́n ti fún mi lórúkọ yín." Mo padà. Mo dùbúlẹ̀, mo dìde, mo rìn yípo yàrá, nítorí pé gbogbo òru tí mo bá tún sùn níbẹ̀, ₦15,000 mìíràn ń lé e. Bẹ́ẹ̀dì tí mi ò fẹ́ ni mò ń sanwó rẹ̀! Ẹni tí wọ́n ti sọ pé ara rẹ̀ yá, wọ́n tì í mọ́lé, wọ́n sì ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pe èyí ju ìmúnisìn lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, owó náà ti di ₦685,000. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀ọ̀dá Ganíyù, mẹkáníìkì ní Ìdímù, wá bá wa bẹ obìnrin tó ń mójú tó owó, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mọ́mì Àkáǹtì. Nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, a kì í fi aṣọ iṣẹ́ lọ bẹ ẹni ẹlẹ́ni. Bọ̀ọ̀dá wọ agbádá rẹ̀ tó dára jù, ó dé fìlà tó bá a mu, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìsì.

"Ẹ dìde, Alhájì," ni Mọ́mì Àkáǹtì wí. "Ṣé ẹni tó wọ irú aṣọ yìí ló ń sọ pé kò sówó?"

"Háà, Mọ́mì! Aṣọ ìgbéyàwó mi ni. Ọdún kẹtàdínlógún rèé!"

"Ó ṣì ń dán, sà."

Ó wo ìwé, ó mí kanlẹ̀, ó ní òun yọ ₦50,000 nítorí Ọlọ́run. Bọ̀ọ̀dá ń dúpẹ́, Ṣìkírátù wà lórí ìkúnlẹ̀. Èmi ṣírò rẹ̀ lọ́kàn. Bí a bá yọ ₦150,000 tí a ti san, ó ku ₦485,000. Gbogbo ìdọ̀bálẹ̀ yẹn, ₦5,000 péré ló yọ kúrò nínú iye tí à ń jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn! Irú iye wo sì ni èyí tí àádọ́ta ẹgbẹ̀rún lè já bọ́ lára rẹ̀ nítorí pé ọkùnrin kan fi àyà lélẹ̀?

"Ẹ jọ̀wọ́, mà," ni mo wí, "ẹ bá mi kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ mọ ohun tí mò ń sanwó fún."

"Ẹ ò gbà wá gbọ́ ni? Àwa tá a gba ẹ̀mí yín là?"

"Bàbá Ròkíbà," Ṣìkírátù fa aṣọ mi, "ṣé ilé lẹ fẹ́ lọ àbí ìwé lẹ fẹ́ kà?"

Mo ní mo fẹ́ méjèèjì. Dókítà ló gba ẹ̀mí mi là, lábẹ́ Ọlọ́run, mo sì mọ̀ ọ́n lóore. Ṣùgbọ́n ìmoore kì í ṣe ìdí tí ènìyàn yóò fi di ojú láti sanwó. Wákàtí mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ìwé tí ó yẹ kó ti wà nílẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ₦300,000. Fífọ inú ₦80,000. Bẹ́ẹ̀dì òru mẹ́jọ ₦120,000. Oògùn ₦125,000. Ìbọ̀wọ́, báńdéèjì àti òwú ₦60,000.

Ṣìkírátù ń kà á lẹ́yìn mi. Nígbà tó dé orí oògùn, ó dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

"Oògùn wo? Èyí tẹ́ ẹ ní kí n lọ rà nínú òjò?" Ó ṣí báàgì rẹ̀. Bó ṣe ń fi pín-ìnnì so bébà ìwọ̀n àwọn oníbàárà rẹ̀ pọ̀ ló ṣe so rìsíìtì ilé oògùn pọ̀. ₦72,000 ni gbogbo rẹ̀. Ilé ìwòsàn ti kọ wọ́n mọ́ ti ara wọn.

Wọ́n pe dókítà. Ó ka ìwé àti rìsíìtì, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó fagi lé ₦72,000. Ó tún fagi lé òru mẹ́ta tí mo sùn lẹ́yìn tó ti ní kí n máa lọ, ₦45,000. Mo jiyàn lórí ìbọ̀wọ́ àti báńdéèjì, mo pàdánù. Ó ku ₦418,000.

"Ó dáa," ni Mọ́mì Àkáǹtì wí. "Tó bá jẹ́ ti ìṣirò, ₦50,000 tí mo fi ojú àánú yọ ti padà sípò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi yọ ọ́ nínú ìwé yẹn."

Mo la ẹnu láti bá a jà. Kí n tó sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Ganíyù ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú agbádá. "Mọ́mì, ẹ má wo ti àbúrò mi. Tíṣà ni, ẹnu wọn kì í dákẹ́." Ọ̀rọ̀ náà pa Mọ́mì lẹ́rìn-ín. ₦50,000 tún kúrò. ₦368,000. A san ₦200,000 lójú ẹsẹ̀, a sì fọwọ́ sí ìwé pé a ó máa san ₦42,000 lóṣù fún oṣù mẹ́rin.

Ìbínú mi kò tíì rọ̀. Ẹ gba ìwé iye owó kí wọ́n tó fi abẹ kàn yín bí àyè bá wà, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tí kò sí, ẹ má sì ju rìsíìtì kankan nù. Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: ìwé kíkà nìkan kò mú mi délé. Ẹ̀gbọ́n mi tí ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ń tì mí lójú ló parí rẹ̀, ó sì ń dùn mí pé ìlú tí à ń gbé ṣì nílò kí àgbàlagbà dọ̀bálẹ̀ kí aláìsàn tó lọ sílé.

Ojú ọgbẹ́ náà jinná díẹ̀díẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bí ikọ́ bá fẹ́ wú mi, mo ní láti kọ́kọ́ fi ìrọ̀rí ti ikùn. Orí àga ni mo ti ń kírun, nítorí pé mi ò lè tẹ̀ ba. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo sún àga sẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tẹ̀ ba, mo kúnlẹ̀, mo sì rọra gbé iwájú orí mi kalẹ̀ sórí ẹní. Ojú àpá náà fà mí, kò já. Mo gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ Ṣìkírátù dákẹ́ ní pálọ̀. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí àdúrà náà ti gùn lọ, mò ń dúpẹ́ fún ikùn tó tún gbà kí n tẹ̀ fún Ẹni tó dá a.