Bí Mo Ṣe Kó Apọfọ̀ Mẹ́rin Jọ

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì wa ní Sábó, mo rò pé oríire ló wá mi délé. Ta ni yóò ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n á ní kó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kó máa gbá géèmù? Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi, ọ̀gá wa, fa àga kan fún mi, ó sì là á yé mi kíá.

"Tinúkẹ́, kì í ṣe ìgbádùn la pè ọ́ wá ṣe o. Ohun tí àwọn yòókù bá kọ́, ìwọ ni kí o wá ibi tó ti sán. Bí o kò bá rí i, oníbàárà á rí i, ọjọ́ yẹn la dáràn."

Bí mo ṣe di olùdánwò géèmù nìyẹn. Àṣìṣe tó bá sá pamọ́ sínú géèmù là ń pè ní kòkòrò. Nígbà mìíràn, ènìyàn á gba inú ògiri kọjá. Nígbà mìíràn, ewúrẹ́ á máa rìn lójú sánmà. Èmi ni mo rí ewúrẹ́ yẹn, mo sì fi yangàn káàkiri ọ́fíìsì. Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Bí o bá ti gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ò ń wò ó bóyá yóò há, wàá mọ̀ pé iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́.

Géèmù tí à ń ṣe nígbà náà dá lórí ìlú àtijọ́ kan tí ọba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n tí kò gbà láti dúró sí sàréè. Ó padà sórí ìtẹ́, kò sì jẹ́ kí ará ìlú sinmi. Ẹni tó ń gbá géèmù náà yóò yan ẹni mẹ́rin nínú àwọn ará ìlú, yóò sì kó wọn lọ sí ààfin láti lọ kojú ọba. Jagunjagun wà níbẹ̀, tòun ti idà àti ọfà. Àwọn apọfọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò ní ohun ìjà kankan ju ẹnu wọn lọ. Ọ̀kan á sọ̀rọ̀, iná á sọ. Òmíràn á sọ̀rọ̀, ọgbẹ́ á jinná. Ṣùgbọ́n oníkálukú wọn ló ní ìwọ̀n agbára tirẹ̀, tí à ń pè ní ohùn. Bí wọ́n ṣe ń pọfọ̀ ni ohùn ń dínkù. Bó bá tán, àfi kí wọ́n dákẹ́ díẹ̀ kó tó padà.

Àǹtí Ronkẹ́ ló kọ gbogbo ọfọ̀ wọ̀nyí. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni wọ́n tẹ́lẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Bí wọ́n bá kọ ọfọ̀ kan tán, wọ́n á kà á sókè. Bí kò bá dùn lẹ́nu, wọ́n á pa á rẹ́, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn tí a pè wá tọ́ géèmù náà wò kò fẹ́ràn apọfọ̀. Jagunjagun ni gbogbo wọn ń mú, wọ́n á kàn máa bẹ́ lọ bí ẹni ń ṣán oko. Àwọn díẹ̀ tó kó apọfọ̀ nìkan lọ, orí afárá tó ṣáájú ààfin ni wọ́n kú sí. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé kan, Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi pè wá jọ.

"Láti ìsinsìnyí, jagunjagun di dandan," ó ní. "Ẹnikẹ́ni kò ní lè jáde láìmú wọn. A sì máa yọ lára àwọn apọfọ̀ kúrò, nítorí géèmù yìí ti wúwo jù fún fóònù kékeré. Ìyá Àgbà la máa kọ́kọ́ yọ. Màmá yẹn kò lè pa eṣinṣin."

Àǹtí Ronkẹ́ bọ́ awò ojú wọn. "Fẹ́mi, bí idà bá di dandan, kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu tún wá ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ọ̀ṣọ́ lásán ni?"

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó ń lò wọ́n."

"Bí ẹ bá máa yọ wọ́n, ẹ yọ èmi náà."

A mọ̀ pé wọn kì í fi ẹnu lásán sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi fọwọ́ nu ojú. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn tó ń bá wa dòwò pọ̀ ń bọ̀ wá wo géèmù yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi apọfọ̀ nìkan ṣẹ́gun ọba lójú wọn, n ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan."

Ni gbogbo ojú bá yí sọ́dọ̀ mi.

Mo kọ́kọ́ kó apọfọ̀ oníná mẹ́rin jọ. Lójú mi, bí iná kan bá dára, mẹ́rin á dára jù. Ọ̀nà là fún wa títí a fi dé orí afárá. Ibẹ̀ ni ohùn gbogbo wọn ti tán lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n wá dúró bí òpó iná tí wọ́n ti gé wáyà rẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba kò fi àkókò ṣòfò, wọ́n pa wọ́n lórí ìdúró. Mo yọ oníná kan, mo fi awonisàn dípò rẹ̀. A tún kú. Mo pààrọ̀ wọn síwá, mo pààrọ̀ wọn sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń pọfọ̀ lọ́wọ́ tí wọ́n sì gbá a, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á já lẹ́nu, ohùn rẹ̀ á ṣòfò. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí Ronkẹ́ gbé ẹ̀pà sísun wá fún mi, wọn kò béèrè nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ilé wa wà ní Sùúrùlérè. Bàbá mi, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, ni olórí akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, èmi náà sì ń kọrin níbẹ̀. Lójú tiwọn, iṣẹ́ mi kì í ṣe iṣẹ́. Bí àlejò bá béèrè, wọ́n á ní mo wà "nídìí kọ̀ǹpútà," wọ́n á sì yára yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tí a ń ṣe ìdánrawò orin ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́rú, ibì kan wà tí a ti gbọ́dọ̀ fa ohùn gùn. Gbogbo wa fà á, gbogbo wa mí, orin sì já. Bàbá mi gbá tábìlì.

"Ẹ dúró! Ta ló ní kí gbogbo yín mí lẹ́ẹ̀kan náà? Bí Bọ́sẹ̀ bá ń mí, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa kọ ọ́ lọ. Bó bá mí tán, kó gbà á lẹ́nu onítọ̀hún. Ìjọ kò gbọdọ̀ mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni mí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin padà, ṣùgbọ́n n kò bá wọn bẹ̀rẹ̀. Orí afárá ni ọkàn mi wà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tú ẹgbẹ́ mi ká, mo sì tún un tò. N kò wá ẹni tó lágbára jù mọ́. Ẹni tí yóò máa bá orin lọ nígbà tí ẹnì kejì bá ń mí ni mò ń wá. Mo mú Arẹ̀mú, apọfọ̀ oníná. Mo mú Àṣàkẹ́, awonisàn. Mo mú Àdùkẹ́, tí ọfọ̀ rẹ̀ máa ń mú ọ̀tá sùn. Ẹni kẹrin ni Ìyá Àgbà. Òótọ́ ni pé Ìyá Àgbà kò lè pa eṣinṣin. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe ni kó fa ohùn tirẹ̀ fún ẹlòmíràn. Arẹ̀mú sọ̀rọ̀, ó dákẹ́. Àdùkẹ́ gbà á, àwọn ẹ̀ṣọ́ sùn. Ìyá Àgbà fún Arẹ̀mú lóhùn. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó jí, iná ti tún dé. A sọdá afárá. Mo pariwo débi pé ẹni tó ń ta káàdì nísàlẹ̀ gbé ojú sókè.

Mo ròyìn rẹ̀ fún bàbá mi nídìí oúnjẹ. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹgbẹ́ akọrin mi lo kó lọ bá àwọn oṣó?" Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí wọ́n fi béèrè ẹni tó ń mí ṣáájú.

Àwọn àlejò dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Wọ́n jókòó sẹ́yìn mi pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi. Àǹtí Ronkẹ́ kò jókòó. Afárá lọ wẹ́rẹ́, àgbàlá ààfin náà lọ bẹ́ẹ̀, a sì dé iwájú ọba. N kò dé ibẹ̀ rí pẹ̀lú apọfọ̀ nìkan. Kò pẹ́ rárá, ọba na ọwọ́, Arẹ̀mú ṣubú, kò sì dìde mọ́.

"Ó parí," ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè ṣe ọba léṣe mọ́ láàárín wa. Obìnrin mẹ́ta ló kù: ọ̀kan ń woni sàn, ọ̀kan ń muni sùn, ọ̀kan ń fún ni lóhùn. Mo wo ọba yẹn lórí ìtẹ́ rẹ̀. Òkú ni, kò sì rí ilẹ̀ sùn sí. Ọ̀rọ̀ náà kàn sọ sí mi lọ́kàn pé: kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó sùn?

Ọfọ̀ tó ń mú alágbára sùn gùn, kò sì gbọdọ̀ já. Mo ní kí Àdùkẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí ọba ṣe ń lù ú ni Àṣàkẹ́ ń wò ó sàn, bí ohùn rẹ̀ ṣe ń lọ ni Ìyá Àgbà ń fà á fún un, títí ti Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ fi tán pátápátá. Àdùkẹ́ pọfọ̀ náà dé ìparí.

Ọba dúró. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ohùn tí n kò gbọ́ rí nínú géèmù náà, láti ìgbà tí mo ti ń dán an wò, wá jáde: "Ẹ ṣé. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ̀ mí."

Ó rọra dùbúlẹ̀ síwájú ìtẹ́, ó sì di erùpẹ̀.

Àlejò obìnrin náà bọ́ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kúrò létí, ó ń fi ìka nu ojú. "Ta ló kọ ìyẹn?" ni Ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi béèrè.

"Èmi ni," ni Àǹtí Ronkẹ́ wí. "Ìparí tí mo kọ́kọ́ kọ nìyẹn. Mo rò pé ẹ ti yọ ọ́. Idà ti máa ń pa á kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀."

Wọn kò yọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìparí yẹn wà nínú géèmù náà títí di òní, mélòó kan nínú àwọn tó ń gbá a sì ti rí i fúnra wọn. Àǹtí Ronkẹ́ ṣì ń ka ọfọ̀ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Èmi ti di olórí àwọn olùdánwò. Bí ẹni tuntun bá wá bá mi, tó ní òun ti parí géèmù, òun ti ṣẹ́gun, n kì í bi í bó ṣe ṣẹ́gun. Mo máa ń bi í pé ta ni kò mú dání. Bó bá ti dárúkọ onítọ̀hún, màá ní kó padà lọ mú un wá.