Ẹni Tó Jókòó sí Àárín Ọkọ̀

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí mo kà tó mi í fi bú ènìyàn. Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ra fóònù fún mi, tó sì fi mí sínú gúrúùpù àwọn ará etí odò, ó ní kí n lè máa mọ iye tí wọ́n ń ta ẹja ní Igbókòdá ni. Mi ò wo iye ẹja. Àríyànjiyàn ni mo ń wò. Wọ́n á béèrè bóyá ó yẹ kí ọkọ fọ aṣọ ìyàwó, mo ti dá sí i. Wọ́n á béèrè bóyá omi tútù tàbí omi gbígbóná ló yẹ ká fi ṣan ẹja gbígbẹ. Ìyẹn tiẹ̀ ni iṣẹ́ mi, ará òkè tí kò gbé etí omi rí, tó bá la ẹnu níbẹ̀, á gba èsì tó gbóná ju omi lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń yí ẹja lórí iná nígbà tí ọkùnrin kan gbé ẹjọ́ wá. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àwòrán mọ́tò ló fi síbi tó yẹ kí ojú rẹ̀ wà. Ó ní òun wọ ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì láti Igbókòdá wá sọ́dọ̀ wa, òun sì sanwó pé. Láàárín odò, ọkọ̀ asáré àwọn òṣìṣẹ́ epo kọjá, ìgbì rẹ̀ da omi lé wọn, ni awakọ̀ bá na kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lẹ́nu sí òun pé kí òun máa gbọ́n omi. Òun, àgbà, tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó gẹlẹtẹ níwájú. Omi tó ní epo rọ̀bì lójú sì ba aṣọ funfun òun jẹ́. Ó wá béèrè pé ṣé àṣà ni àbí àfojúdi?

Kí n tó gbé ẹja kalẹ̀, àwọn kan ti ń bẹ̀ ẹ́. Inú bí mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jókòó sí àárín ọkọ̀, níbi tí omi ń wọ́ jọ sí, ló ń gbọ́n ọn. Mo ti rí olóyè tó gbọ́n ọn. Mo ti rí wòlíì tó gbọ́n ọn tòun ti aṣọ àdúrà. Mo kọ ọ́ pé:

"Ọ̀gá mọ́tò, omi kì í béèrè ọjọ́ orí. Bí aṣọ yín bá wọ́n ju ẹ̀mí yín lọ, ẹ kó aṣọ sọ́kọ̀, kí ẹ̀yin máa lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lẹ́yìn."

Ó dáhùn: "Ìyá, ó jọ pé ìwà ọmọlúwàbí ò mọ ọ̀nà odò dé ọ̀dọ̀ yín."

Mo ní: "Ó ń bọ̀ wá. Ẹni tó jókòó sáàárín ọkọ̀ rẹ̀ ni kò gbọ́n omi, ló bá rì."

Ẹ̀rín bo ojú fóònù. Àwọn obìnrin Etíkàn tó wà nínú gúrúùpù ò jẹ́ kó sinmi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ mi obìnrin náà, tó ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́, pè mí. Iye ló ń pè mí, bí a ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa.

"Iye, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀rọ̀ àná?"

"Èwo nínú wọn?"

"Ti aṣọ funfun."

"Ó dùn, àbí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà òun ni ọ̀gá mọ́tò náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn. Bí kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ìgbéyàwó. Ńṣe ló yọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ó tún wọ gúrúùpù, láti wádìí irú ènìyàn tí a jẹ́, èmi sì fi ẹnu ara mi jábọ̀ fún un, pẹ̀lú àwòrán mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀, èmi àti apẹ̀rẹ̀ ẹja mi.

"Ó ní àfi kí ẹ tọrọ àforíjì níbi tí ẹ ti bú òun."

"Ta ló ní kó lọ jókòó sáàárín? Ṣé kò rí iwájú tó gbẹ ni?"

"Wọ́n fi iwájú lọ̀ ọ́, Iye. Ó ní àárín ni ti àgbà. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọdé ló ń jókòó sí ìkángun."

Ọkùnrin náà gbé ọlá rẹ̀ dé ìjókòó agbọ́nmi, awakọ̀ sì rò pé ọmọ omi tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Gbogbo ọkọ̀ rí i, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Bí mo bá wà níbẹ̀, èmi náà ò ní sọ. Màá kàn máa wò ó, màá máa gbádùn rẹ̀ ni. Ìyẹn ló dùn mí, kì í ṣe aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ àforíjì tó di èébú. Ìkẹrin ni mo fi ránṣẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. A ò sọ fún yín pé àárín ọkọ̀ kì í ṣe ìjókòó àgbà. Ẹ̀bi gbogbo wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìlúwẹ̀ẹ́, ẹ̀bi tèmi ni."

Àwọn tó bá mi rẹ́rìn-ín lánàá ló kọ́kọ́ yí padà. "Ìyá ẹlẹ́ja, ta ló gé yín láhọ́n?" Mo mọ gbogbo wọn, mi ò sì gbàgbé ẹnì kan.

Ọkùnrin náà dáhùn pé òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n ẹbí òun ò ní wọ ọkọ̀. Igbókòdá ni wọ́n ti máa tọrọ ọmọ, lórí ilẹ̀. Àwọn àgbà ilé ọkọ mi fárígá. Ilé baba ọmọ ni a ti ń tọrọ ọmọ.

"Ṣé ọmọ wa ò nílé ni?"

"Ó nílé," mo ní. "Ọkọ ni kò tíì ní."

Pálọ̀ àyálò ní Igbókòdá la ti ṣe é. Ọkùnrin náà jẹ ẹja mi, kò yìn ín, kò sì ṣẹ́ egungun kù. Àwọn àgbà wa ò tíì dáhùn ìkíni mi dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí, ó sì ti wà nílé ọkọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ gbé ìkọkúkọ wá sí gúrúùpù fi ìyẹn sọ́kàn: kò sóhun tó ń dí mi lẹ́nu mọ́.