Adìẹ Tó Ń Wẹ̀ ní Clonsilla

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun kò lè dún létí mi kí n má rántí ìyá arúgbó òyìnbó tí ilé wa jọ fara kanra ní Clonsilla, nílùú Dublin, nígbà tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ rẹpẹtẹ nílé iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ballycoolin. Adìẹ ló máa ń fi tirẹ̀ gbẹ.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, òtútù ń kógbá sílé lọ. Ó bu omi sínú bàsíà lẹ́yìnkùlé, èéfín ń rú lórí rẹ̀, ó sì ń ki adìẹ bọ inú rẹ̀ láàyè. Lọ́dọ̀ tiwa, omi gbígbóná àti adìẹ, ọbẹ̀ nìyẹn. Mo ní arúgbó ti gbàgbé láti kọ́kọ́ pa á ni. Mo mú ọ̀bẹ, mo sáré lọ bá a.

"Mà, ẹ jẹ́ n bá yín dú u."

Ó wo ọ̀bẹ, ó wò mí. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀ ẹ́?"

Omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ni. Ọṣẹ ọmọ ìkókó ló fi wẹ̀ ẹ́. Ó gé èékánná rẹ̀, ó fi fasilíìnì pa ogbe orí rẹ̀. Ó wá fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ gbẹ. "Grand," ló wí, bí wọ́n ṣe ń sọ pé ó ti dáa níbẹ̀, "ó ti ṣetán de oòrùn." Orí mi dàrú.

Lọ́dún kejì, wọ́n fẹ́ mú un lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ó gbé adìẹ náà lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo máa ń sáré wá ranni lọ́wọ́."

Mo gbé e wọlé. Ìyàwó mi gbé omi kaná. Nígbà tó gbóná, ó yọjú láti kíṣìnì:

"Dádì wọn, ata ni kí n gbé wá ni, àbí ọṣẹ?"