Ọjọ́ Tí Mo Fa Ọ̀nà Gba Inú Mọ́ṣáláṣí

Òórùn ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ àwòrán ilẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Ṣakí dà bí ìtọ̀ ẹṣin tó ti pẹ́ nílẹ̀. Ó máa ń ta mí nímú láràárọ̀, omi á sì bọ́ lójú mi, débi pé ẹni tó bá wọlé á rò pé mò ń sunkún. Ká sọ tòótọ́, nígbà mìíràn mò ń sunkún díẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, ẹ̀rù sì ń bà mí pé n kò mọ iṣẹ́, ó ń bà mí pé wọn yóò mọ̀, ó tún ń bà mí pé ẹ̀rù náà hàn lójú mi.

Ìwọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ yìí lónìí, tí fọ́tò á kàn lọ jókòó sí àyè rẹ̀ lábẹ́ àwòrán, o ò lè mọ bó ṣe rí láwọn ọdún 1980 yẹn. Ọwọ́ la fi ń ṣe é. Bàálù ti ya fọ́tò ìlú láti òkè. Iṣẹ́ mi ni kí n tẹ́ ẹ sábẹ́ àwòrán ìlú tí wọ́n yà sórí bébà tó mọ́ gaara, kí n wá ohun mẹ́rin tó hàn nínú méjèèjì, kí n fi pínnì gún wọn pọ̀, kí n tó fa ìlà ọ̀nà tuntun. Mo mú oríta ọjà, mo mú afárá, mo mú igun ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ilé ìgbẹ̀bí. Mo rí ohun onígun mẹ́rin kan nínú fọ́tò ládùúgbò yẹn, ó funfun báláú. Mo ní, "Páànù tuntun." Inú mi dùn débi pé mo tún un sọ.

Mẹ́ta bára mu, ẹ̀kẹrin kọ̀. Mo yí fọ́tò díẹ̀, mo fà á, mo tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́, títí gbogbo wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó. Nígbà tí mo wá fa ìlà pupa ọ̀nà Ìsẹ́yìn, ó gba àárín mọ́ṣáláṣí àgbà kọjá. Ayàwòrán ọ́fíìsì wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, wò ó, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ mà láyà o!" Kí wọ́n tó kírun ọ̀sán tán, ìlú ti gbọ́.

Bàbá mẹ́ta ló wá bá mi, igbákejì Lèmọ́mù ló ṣáájú. Ó ní, "Ọmọ wa, a gbọ́ pé o fẹ́ kí tírélà máa gba ààrin wa kọjá níbi tá a ti ń forí kanlẹ̀."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ìlà lásán ni."

Èkejì wọn, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ní, "Ìlà lásán ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́. Bí wọ́n ṣe gba oko mi nìyẹn."

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá àgbà ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá buwọ́ lu àwòrán náà. Bí mo bá ní n kò mọ ibi tí àṣìṣe wà, iṣẹ́ mi parí. Bí mo bá dákẹ́, mọ́ṣáláṣí parí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ wo ilé ìgbẹ̀bí."

A débẹ̀, òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà, ó pọ́n bí ilẹ̀. Kò sí ohun funfun kankan. Mo yí fọ́tò síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo tiẹ̀ wojú ọ̀run. Àpáta pẹlẹbẹ kan ló wà lẹ́yìn ilé náà, òjò ti fọ̀ ọ́ mọ́. Ìyá kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ràfíù jókòó sẹ́bàá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ilé wo ló wà lórí àpáta yìí tẹ́lẹ̀?"

"Ilé kẹ̀? Ta ní í kọ́lé sórí àpáta?"

Mo fi fọ́tò hàn án. Ó wò ó, ó wò ó, ó figbe ta: "Gbodo mi rèé! Iṣu tí mo bọ̀, tí mo sá sóòrùn lẹ́ẹ̀rùn! Mo sọ fún wọn pé gbodo mi ni bàálù yẹn ń wò!"

N kò mọ ohun tó mú mi béèrè pé, "Níbo ló wà báyìí, mà?"

"Inú wa ni. A ti rò ó lọ́kà, a ti jẹ ẹ́ tán."

Igbákejì Lèmọ́mù jókòó sórí àpáta, ó ń fi etí láwàní nu omi ẹ̀rín lójú. "Ẹ gbọ́ ná, iṣu Ìyá Ràfíù ló fẹ́ wó mọ́ṣáláṣí!" Ẹ̀rín gba gbogbo àdúgbò. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ yọ pínnì yẹn, kí n máa wò ọ́."

Ó tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì. Mo yọ pínnì, mo gún un sórí òrùlé ilé ìgbẹ̀bí gan-an, tí ìpẹtà mú kó hàn dúdú nínú fọ́tò, ibi tí n kò kà sí rárá tẹ́lẹ̀. Fọ́tò jókòó pẹ̀sẹ̀. Mo tún ìlà fà, ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Bàbá náà fi àtàǹpàkò rẹ̀ wọn àlàfo tó wà láàárín wọn, ó ní, "Ó tó," ó sì lọ.

Nígbà tí ọ̀gá àgbà dé, ihò pínnì tí mo yọ ló kọ́kọ́ rí. "Kí ló dé tí o fi yọ pínnì kúrò níbí?" Mo ti to àlàyé gígùn jọ, ṣùgbọ́n ohun tó bọ́ lẹ́nu mi ni, "Wọ́n ti jẹ ẹ́, sà." Ó tẹ̀ba wo pínnì tuntun náà, ayàwòrán ń wúkọ́ lẹ́yìn mi, ó sì buwọ́ lù ú.

Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bàbá tí kò rẹ́rìn-ín yẹn ló ka iṣẹ́ mi sí jù lọ. Àwọn yòókù rí àṣìṣe ọmọdé, wọ́n sì dárí jì mí; òun rí ìlà tó lè wó ilé. Láti ìgbà náà, bí mo bá fa ìlà kan tán, mo máa ń dìde, màá rìn lọ síbẹ̀, kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni buwọ́ lù ú.