Ìjúbà Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá ní Stockholm

Ní aago mẹ́rin ìdájí, mo ti wọ bàtà, mo ti jókòó sórí àpótí ẹrù nílé wa ní Gascoigne, ní Barking ní London, mo ń wo ọkọ mi tó ń lọ agbádá. Takisí ti dé sísàlẹ̀.

"Bàbá Tóyìn, ṣé agbádá làwọn ará Swídìn fẹ́ wò ni, àbí ewì ni wọ́n fẹ́ gbọ́?"

"Ìyá Tóyìn, calm down. Ẹni tó fẹ́ dúró níwájú àwùjọ gbọ́dọ̀ múra."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń gbé wa lọ. Akéwì kan wà ní Swídìn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó fi ọlọ́lá ṣe yẹ̀yẹ́, ó fi àlùfáà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó máa ń wólẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà olówó kí wọ́n tó lè sọ ohun tí wọ́n bá wá ló fi ṣe é jù. Ọkọ mi rí ìwé rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìkàwé nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní Dagenham. Odidi ọdún mẹ́jọ ló fi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn akéwì náà wá kọ̀wé sí i pé kó wá fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kà nínú rẹ̀, pé àwọn máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ilé ìkàwé àwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn èdè míì. Kò sí ibòmíràn tí wọ́n ti fẹ́ iṣẹ́ náà. Tó bá bọ́ níbẹ̀, ó bọ́ nìyẹn.

Ní pápákọ̀ òfurufú Stansted, wọ́n tú agbádá náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a dé Swídìn, bọ́ọ̀sì gbé wa lọ sí Stockholm fún wákàtí kan àti díẹ̀ láàárín igbó, ọ̀nà sì dán bí àwo. Mo kí àwọn tó wà nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ní Barking, o ò lè dúró de bọ́ọ̀sì kí ìyá Èkìtì kan má béèrè àwọn ọmọ lọ́wọ́ ẹ. A ra kọfí méjì àti búrẹ́dì dídùn méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó igba kírónà, tí í ṣe owó wọn. Fíkà ni wọ́n ń pe jíjókòó mu kọfí bẹ́ẹ̀. Owó fíkà yẹn á ra àpò gààrí kékeré.

Ìyá arúgbó tó gbà wá lálejò ní ká máa pe òun ní Ingrid lásán. Ẹni tó tó bí mi! Màmá Ingrid ni mo pè é títí a fi kúrò níbẹ̀. Òun náà ló di agogo kékeré kan mú nínú gbọ̀ngán tí wọ́n ti fẹ́ ka ewì. Ó ní tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá bá pé tí agogo bá ti dún, ẹni tó ń kà gbọ́dọ̀ jókòó.

Ọkọ mi dìde. Ó júbà Ọlọ́run. Ó júbà ilẹ̀ Swídìn. Ó júbà akéwì tó wà nínú sàréè. Ó júbà àgbà ọkùnrin, àgbà obìnrin, ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹni tó po kọfí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá tó bí i lọ́mọ, àfi bí ẹni pé Stockholm ni wọ́n bí bàbá náà sí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo wúkọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà. Mo tàpá sí àga iwájú mi. Ǹ bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa já lu ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ lójú àlejò?

Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé, agogo dún.

Ó dúró, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngán dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Màmá Ingrid nu omijé nù, ó ní òun gbọ́ ohùn akéwì àwọn nínú rẹ̀ ketekete. Ọkọ mi wò mí, ó wo ìyá náà, ó tẹrí ba, ó ní, "Tack." Ẹ ṣeun ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Orí mi gbóná. Nínú ọkọ̀ òfurufú lọ́jọ́ kejì, n ò lè pa á mọ́ra.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Wọ́n ti dìde, Ìyá Tóyìn. Ṣé kí n wá dójú ti màmá yẹn ni?"

"Oríkì bàbá yín ló wà ní ilé ìkàwé wọn báyìí o! Ẹ túmọ̀ ìwé ẹni tó ń bú àwọn tó ń wólẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ wá wólẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi tilẹ̀kùn!"

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ láìjúbà? Ṣé inú igbó ni wọ́n ti tọ́ mi ni?"

Mo ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo ń sọ ọ́ láti ibùdókọ̀ Barking, mo ṣì ń sọ ọ́ nígbà tí a wọlé.

"Gbogbo ọ̀nà yẹn, kò sẹ́ni kan ṣoṣo tó gbọ́ iṣẹ́ yín!"

Ọkọ mi tú bàtà rẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

"Ìwọ náà ńkọ́? Ìlà wo lo mọ̀ níbẹ̀?"

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ ọ́ lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú mi, n ò sì sọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé kó kà á fún mi. Mo wá fò kọjá òkun lọ bínú sí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá pé wọn ò gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí ìrìn àjò náà kọ́ mi nìyẹn, ó sì dùn mí.

Mo fa àga, mo jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi."

Ó ṣí ìwé. Láti ìlà àkọ́kọ́ ló ti bẹ̀rẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni.