Òpin Ìwé Tí Ewúrẹ́ Jẹ

Títí dòní, bí bọ́ọ̀sì bá dúró pẹ́ ní Inísà, àwọn ará Ìkìrun á ní, "Àbí Bàbá Àjàní ló ń kàwé ni?" Lọ́dún 1991 ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Àjàní Oníwèé wọ bọ́ọ̀sì Òkukù, ó ṣí ìwé ìtàn àròsọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ń kà á sókè. Nínú ìwé náà, ọmọbìnrin kan wọ ìlú iwin lábẹ́ odò, ni ọba ibẹ̀ bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Bàbá, a kì í pa àlọ́ lọ́sàn-án o," ni ìyá kan wí.

"Àlọ́ kọ́, ìwé ni. Àwọn tó ṣòfin yẹn ò tíì rí ìwé nígbà náà."

Bí wọ́n ṣe dé Inísà ni ọba iwin yọ idà. Bàbá pa ìwé dé, ó ní òun ti délé. Ni Fúnṣọ́ dírẹ́bà bá paná ọkọ̀. Ó ní òun ò lọ, Bàbá náà ò sì sọ̀, àfi bí òun bá mọ ibi tí idà yẹn balẹ̀ sí. Gbogbo èrò gbè é lẹ́yìn. Bàbá kàwé dé Òkukù, ìwé ò tíì parí, wọ́n sì gbé e padà sí Inísà lọ́fẹ̀ẹ́.

Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ìwé ní ìsọ̀ tó ti ń yá èèyàn níwèé ní gáréèjì Ìkìrun. Yóò wo ojú rẹ ná, yóò ní, "Ta ló bí ọ nínú?" kó tó fún ọ níwèé. Pásítọ̀ Olúfẹ́mi wá kìlọ̀ fún un pé ìwé iwin ń ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́. Bàbá gbé ọ̀kan fún un, ó ní, "Ẹ lọ gbàdúrà lé e lórí." Kò pẹ́ tí Pásítọ̀ fi padà dé.

"Mo ti gbàdúrà sí apá kìíní. Apá kejì ńkọ́?"

Nígbà tó yá, ewúrẹ́ jẹ ìparí ìwé ìlú abẹ́ odò níbi tí Bàbá ti ń bá oníbàárà jiyàn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá kà á débi tí ewúrẹ́ kà á dé, ẹnu Bàbá ni yóò ti gbọ́ ìyókù.

Mojíbọ́lá ará Inísà wà lára wọn. Ó ti fìdí rẹmi nínú wáèkì lẹ́ẹ̀mejì, ìtìjú sì ti sé e mọ́lé. "Bàbá, ṣé ọmọbìnrin náà jáde?" ló bi í.

Bàbá wò ó títí. "Ó kan ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó tún un kàn, kò ṣí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ṣí."

Mojíbọ́lá padà lọ ṣèdánwò. Nígbà tí Bàbá fi máa kú, ó ti di olùkọ́ ní Òkukù.

Ọkọ̀ Fúnṣọ́ ni òun àti Pásítọ̀ àti àwọn èrò mìíràn wọ̀ bọ̀ láti ibi ìsìnkú Bàbá. Mojíbọ́lá ní, "Mi ò lè gbàgbé bí ọmọ yẹn ṣe kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kẹta."

"Ilẹ̀kùn wo?" Fúnṣọ́ yíjú. "Ṣebí ó bẹ ọba ni, tí wọ́n sì parí ìjà! Bàbá ló sọ fún mi." Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Fúnṣọ́ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yan ara wọn lódì nígbà tí Bàbá sọ ọ́.

Pásítọ̀, tẹ́nìkan ò rí eyín rẹ̀ rí kó tó mọ Bàbá, wúkọ́. "Èmi, ó ní ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín ni ilẹ̀kùn fi ṣí."

"Bàbá yìí mà purọ́ fún gbogbo wa o!" ni Fúnṣọ́ ké. Ẹ̀rín gba ọkọ̀ kan.

Mojíbọ́lá kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè. Ṣé irọ́ lòun gbójú lé látọjọ́ yìí? Ó wá rántí bí Bàbá ṣe wo ojú òun kó tó dáhùn. Ìfẹ́ rẹ̀ kún un lọ́kàn, omijé bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ Bàbá fa ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, Ọpẹ́yẹmí, olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já jù sílẹ̀, tó yá a kà, wá dá a padà. "Mojí, ewúrẹ́ yìí ò ṣeun. Ṣé ó jáde?"

Mojíbọ́lá wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa.

"Ó jáde o. Jókòó, kí n sọ bó ṣe rí fún ẹ."