Òwúrọ̀ Tí Mo Dúró Láàrin Eré Ìje

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ìgànná, tí n kò tí ì mọ̀ pé èèyàn lè fi ìyìn tan ọmọ jẹ, eré sísá ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà náà, ìpínlẹ̀ máa ń gba àwọn ọ̀dọ́ tó yára síṣẹ́. Wọ́n á máa sáré, wọ́n á máa gba owó oṣù. Ìyẹn ni mo ń lé.

Àwa méjì ni olùkọ́ eré ìdárayá ilé ìwé wa ń kọ́ ní irinwó mítà. Ẹnì kejì mi jẹ́ ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ ń bó ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. Láàárọ̀, kí agogo ilé ìwé tó lù, eruku pupa á ti kùn wá dé orúnkún. Ọ̀rẹ́ mi á ṣíwájú, èmi á tẹ̀ lé e. Olùkọ́ á wo aago rẹ̀, á ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí mo lò fún mi, á sì ní, "Ó ku díẹ̀ kí o bá a." Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ yẹn, mo pa ìwé tì, mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo sì tún kíláàsì kan ṣe. Àbúrò mi obìnrin ló ń bó ẹ̀gẹ́ tó yẹ kí n bó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀bẹ gé e níka.

Nígbà tó yá, olùkọ́ kó wa lọ sí Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń ṣa àwọn tí ìpínlẹ̀ máa gbà. Àwa mẹ́jọ la sáré. Ọ̀rẹ́ mi ṣe ipò kejì, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn oṣù méjì fún àṣàyàn ìkẹyìn. Èmi ni mo gbẹ̀yìn. Ẹni tó ṣe ipò keje ti ń mu omi kí n tó dé. Ọkùnrin tó ń kọ orúkọ wo ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Ta ló ní kí o wá?"

Nígbà tí a ń bọ̀, awakọ̀ dúró ní Ìsẹ́yìn láti bu omi sínú mọ́tò. Ọ̀rẹ́ mi ń sùn. Mo lọ bá olùkọ́ níbi tó dúró sí lẹ́bàá ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, iye tí ẹ máa ń kà fún mi, ṣé òótọ́ ni?"

"Rárá. Mo máa ń dín in kù."

"Kí ló dé, sà?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ kì í sáré bí kò bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Mo nílò ẹni tí yóò máa lé e. Ká ní mo sọ òótọ́ fún ọ, ṣé wàá máa jí wá?"

Kò bẹ̀ mí. Ó ra ẹ̀pà, ó bù fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ẹ lè rò pé ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́. Rárá o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tún fi lọ sí pápá, nítorí n kò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè pe ara mi. Àfi òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi bó ṣe ń lọ, tí mo rí i pé mo mọ ẹ̀yìn yẹn ju ojú rẹ̀ lọ. Mo dúró. Mo wọ sálúbàtà mi, mo kọrí sílé. Òun sáré díẹ̀ sí i, ó bojú wẹ̀yìn, òun náà sì dúró.

Olùkọ́ wá bẹ ìyá mi pé oṣù kan àtààbọ̀ péré ló kù. Ìyá mi ní ọwọ́ mi ló wà. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ wá bá mi nídìí ẹ̀gẹ́. Ó ní, "Bí o kò bá sí lẹ́yìn mi, mi ò mọ bí mo ṣe máa sáré."

Mo ní, "Lọ kọ́ ọ." N kò gbé ojú sókè. Kò mọ nǹkan kan nípa ohun tí olùkọ́ ṣe fún mi. Mo mọ̀ pé kò mọ̀, mo sì wí i bẹ́ẹ̀.

Wọn kò mú un ní Ìbàdàn. Kò sáré mọ́. Ó lọ́kọ sí Komu, gàrí ló ń yan títí dòní. Èmi padà sídìí ìwé, mo di nọ́ọ̀sì, mo sì ṣe é títí mo fi fẹ̀yìntì.

Ayé ti yàtọ̀. Lónìí, fóònù ọwọ́ ọmọ á sọ fún un bó ṣe yára tó, kò nílò ẹnu olùkọ́ kankan. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí fóònù tó ń sọ ọjọ́ tó yẹ kéèyàn jáwọ́, tàbí ẹni tí a ó fà lulẹ̀ bí a bá jáwọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ọ̀rẹ́ mi yìí pàdé níbi ìsìnkú kan ní Komu. Ó fi mí han àwọn ọmọ rẹ̀, pé èmi àti òun la jọ máa ń sáré. Lẹ́yìn náà ló bi mí ohun tó ṣe mí nígbà yẹn tí mo fi jáwọ́.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí," ni mo dá a lóhùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú àwọn ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kan orúnkún mi. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́. Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

Mo ní ó ti san.